ÌJỌ OKO: IBOGUN ÀTI ÀWỌN IBI TÍ Ó YÍ I KÁ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ìwàásù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti ń wàásù láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè ṣàì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dání lọ sí ibikíbi tí ó bá dúró. Ọ̀rọ̀ nípa ilé Ọlọ́run ní ìgbèríko ni, àti nípa àwọn ibi tí ẹsẹ̀ lè dé láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibogun ni a yàn, ní ilẹ̀ Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. A ó pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́rin: èkíní, bí irú abúlé bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, èkejì, ohun tí ìjọ àti ilé-ìwé jẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta, àwọn ibi tí ó yẹ kí onílé àti àlejò mọ̀ ní àyíká rẹ̀, ẹ̀kẹrin, gbèsè tí ìjọ jẹ ilẹ̀ tí ó gbé e dúró.

ÈKÍNÍ: ILÉ ÀTI OKO

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Òwu lè ṣi ọ̀rọ̀ méjì yìí gbọ́. Bí àgbàlagbà ará Ibogun bá sọ pé òun ń lọ sí ilé, kì í ṣe ilé tí ó sùn sí ní àná ni ó ń wí, Abẹ́òkúta ni. Bí ó bá sì dé Abẹ́òkúta, tí ó sọ pé oko ni òun ti ń bọ̀, kì í ṣe ebè iṣu nìkan ni ó ní lọ́kàn. Odindi abúlé ni, tí ó ní baálẹ̀, tí ó ní ọjà, tí ó sì ní ilé ìjọsìn.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn. Nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ká, àwọn tí ó ṣẹ́kù dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Àwọn Òwu, tí ogun ti fọ́ ìlú tiwọn pẹ̀lú, dé bá wọn ní 1834. Ìlú tí ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jọ sínú odi kan kò lè rí oúnjẹ tí yóò tó o nínú odi náà. Nítorí náà, bí ẹ̀rù ogun ti ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórí ìdílé ń jáde lọ wá igbó tí wọn yóò ṣán. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn, àwọn àna tẹ̀ lé wọn, àwọn àlejò wá tọrọ ilẹ̀. Ahéré di abà, abà di abúlé. Àwọn abúlé tí ó súnmọ́ ara wọn a máa jẹ́ orúkọ kan, a ó sì fi orúkọ kejì yà wọ́n sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ Ibogun-Olaogun àti Ibogun-Sowunmi títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun tí àṣà yìí bí. Ọmọ tí a bí ní oko, agbo ilé ní Abẹ́òkúta ni a kà á mọ́. Bí ọdún bá dé, ilé ni a ti ń ṣe é. Bí àgbà bá kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbé e lọ sí ilé kí a tó sin ín. Oko ni ènìyàn ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń ka ọjọ́ náà fún un. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní oko, ilé ni a ń ròyìn rẹ̀ sí; èyí tí a kò bá sì ròyìn, ó sọnù.

ÈKEJÌ: ÌJỌ ÀTI ILÉ-ÌWÉ

Ìhìn Rere gba ọ̀nà kan náà. Ó kọ́kọ́ dé ilé kí ó tó dé oko. Ní oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend, ìránṣẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S., wọ Abẹ́òkúta ní ìgbà àkọ́kọ́; ní 1846 òun àti Samuel Àjàyí Crowther padà wá láti jókòó ti iṣẹ́ náà. Ní 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, ìránṣẹ́ àwọn Onítẹ̀bọmi láti gúúsù Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ ní Badagry, ó sì tẹ̀ síwájú dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjọ ti ta gbòǹgbò nínú ìlú, ọ̀rọ̀ náà bá àwọn àgbẹ̀ lọ sí oko. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, kì í ṣe àlùfáà tí a fi jẹ oyè ni ó kọ́kọ́ mú un dé. Àgbẹ̀ kan tí ó mọ ìwé kà díẹ̀ a pe àwọn aládùúgbò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò bá gbà wọ́n mọ́, wọn a mọ ògiri amọ̀, wọn a fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bò ó. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó ránṣẹ́ sí ìlú pé kí a fún wọn ní olùkọ́. Kí páànù àti sìmẹ́ńtì tó dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ baba wa ti kọ́ A, B, D.

Ní Ibogun-Olaogun, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó wà níbẹ̀, èyí tí iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà náà bí. Áńgílíkà ni àwa, ṣùgbọ́n inú wa dùn láti sọ èyí, nítorí kò sí ọlá kankan nínú pé kí ìjọ kan máa sọ ìtàn bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà nínú igbó. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú wà ní abúlé náà. Ní irú ibẹ̀, ẹni tí ó ń lọ sí ilé ìjọsìn àti ẹni tí ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí a máa jẹ́ ọmọ ìyá nígbà púpọ̀. Bí ọ̀kan bá ń ṣe òkú, èkejì ni yóò gbẹ́ ilẹ̀.

Ilé-ìwé ni ọmọ tí ìjọ kọ́kọ́ bí. Ìgbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1955, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, abúlé tí kò bá ní ìjọ, kò dájú pé yóò ní ilé-ìwé. Ọmọ àgbẹ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí baba rẹ̀ nílò ọwọ́ rẹ̀ ní oko. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, tí a bí ní Ibogun-Olaogun. Oko ni ó bá baba rẹ̀ ro títí ó fi tó bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1948 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní abúlé. Ní 1951 ó lọ sí ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Òwu, Abẹ́òkúta, ó sì wọ Baptist Boys' High School ní ìlú kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa ni a mọ ìyókù: ó jẹ́ olórí ìjọba ológun láti oṣù kejì ọdún 1976 títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó sì tún jẹ́ Ààrẹ láti 1999 sí 2007. A kò mú un wá síhìn-ín láti gbè é lẹ́yìn tàbí láti dá a lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. A ó tún dárúkọ rẹ̀ nítorí ohun mìíràn ní iwájú.

Ẹ̀KẸTA: ÀYÍKÁ

Ẹ jẹ́ kí a jáde kúrò nínú ilé ìjọsìn wàyí, kí a wo ohun tí ó yí i ká. Ohun mẹ́rin ni a ó tọ́ka sí.

Ekíní ni ojú irin tí ó gba Ifọ̀ kọjá. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹ láti Ìddó ní Èkó. Ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn náà, láti Ifọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdògo. Kí rélùwéè tó dé, orí ènìyàn àti ọkọ̀ ojú omi ni ó ń ru epo àti ẹkùrọ́ lọ sí Èkó. Nígbà tí ó dé tán, àgbẹ̀ tí ó bá gbé kòkó tàbí obì rẹ̀ dé téṣàn ní òwúrọ̀ mọ̀ pé Èkó ni ẹrù òun yóò sùn. Ní 2021 ni a ṣí ojú irin tuntun, èyí tí ó gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ, láti Èkó dé Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 157. Kájọlà àti Pápálántò wà lára àwọn téṣàn rẹ̀. Báyìí ni ojú irin méjì ṣe wà ní ilẹ̀ kan náà, ọ̀kan ti àwọn baba ńlá wa, ọ̀kan ti àwọn ọmọ wa.

Ekejì ni Wásinmi, téṣàn kan láàrin Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta. Orúkọ rẹ̀ pe aláàárẹ̀ pé kí ó wá sinmi, ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí kò sí ìsinmi níbẹ̀. Ní 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ní 1918 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Owó orí yìí, àti iṣẹ́ tipátipá ní ojú ọ̀nà, ni àwọn ará oko kò lè gbà mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1918 wọ́n dìde. Wọ́n tú ojú irin, wọ́n ba téṣàn Wásinmi jẹ́, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ṣọ́jà ni ìjọba fi pa ìjà náà, ó sì ju 500 ènìyàn lọ tí ó kú. Ogun Adùbí ni a ń pè é. Kò tí ì pé oṣù mẹ́ta tí ó parí nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tí ó jà káàkiri ayé ní ọdún náà fi ọkọ̀ òkun wọ Èkó, tí ó sì gba ojú irin kan náà wọ inú ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní Wásinmi, kí ó rántí pé àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé ni ó fi ẹ̀mí wọn kọ ìwé yìí sílẹ̀.

Ẹkẹta ni Ewékorò, níbi tí a ti ń gbẹ́ òkúta ẹfun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Ọdún 1960, ọdún òmìnira wa, ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yanilẹ́nu jùlọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Òkúta náà gan-an ni. Bí a bá fọ́ ọ, a ó rí ìkarahun àwọn ẹran omi nínú rẹ̀ àti eyín ẹja, bẹ́ẹ̀ ni òkun jìnnà sí ibẹ̀ lónìí. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kọ́ wa pé òkun ti bo ibẹ̀ rí, ní ohun tí ó ju mílíọ̀nù 50 ọdún lọ sẹ́yìn, àti pé àwọn ẹran omi tí ó kú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó di òkúta náà. Wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta náà nínú ìwé wọn. Nítorí náà, ilé ìjọsìn tí a fi sìmẹ́ńtì Ewékorò kọ́, ìkarahun ni a fi kọ́ ọ. Onísáàmù ìbá ti yọ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n.

Ẹkẹrin wà ní Ibogun fúnra rẹ̀: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ní 1982 ni a dá yunifásítì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí Olóyè Ọnàbánjọ jẹ́ gómìnà. Ní 2001 ni a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Àgọ́-Ìwòyè ni olú ibùjókòó rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n Ibogun ni a rán àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sí. Abúlé tí ọmọ rẹ̀ ní láti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá kí ó tó rí ilé-ìwé wọ̀ ni àwọn ọmọ ìlú mìíràn ń wá kàwé sí báyìí. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀KẸRIN: GBÈSÈ TÍ ÌJỌ JẸ

A dé ibi tí a ń lọ wàyí. A ti sọ pé a ó tún dárúkọ ọmọ Ibogun-Olaogun nì. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 1937 ni a kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè sì fi ń kí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan láti ìgbà ìbí rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìṣirò. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó darí orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí bébà kan ní abúlé rẹ̀ tí ó lè sọ ọjọ́ tí ó dé ayé. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, báwo ni yóò ti rí fún ọmọ ìyá aláró àti ọmọ ọlọ́pẹ?

Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í ṣe ìrìbọmi fún ìkókó, nítorí náà a kò lè wá ọjọ́ ìbí nínú ìwé ìrìbọmi wọn bí a ti lè wá a nínú tiwa. Ṣùgbọ́n kí Áńgílíkà má ṣe yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Mélòó nínú ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ oko wa ni ikán kò tí ì jẹ? Mélòó ni òjò kò tí ì pa nínú àpótí tí ó jókòó sí abẹ́ páànù jíjò? Àwa tí ó ti bi àwọn arúgbó léèrè ọjọ́ orí wọn kí a tó sin wọ́n mọ irú ìdáhùn tí a ń gbà: a bí i ní ọdún Adùbí, ó ti ń rà nígbà tí ojú irin dé, òun àti lágbájá ni a jọ kọ nílà. Ìdáhùn wọ̀nyí dára, wọ́n sì wúlò, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó lè túmọ̀ wọn bá ṣì wà láàyè. Bí ó bá kú, ọdún Adùbí a di ọ̀rọ̀ lásán létí ọmọ.

Ìjọba ti ṣe òfin ní 1992, Òfin 69, pé kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní dandan. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lè padà lọ kọ èyí tí ó ti kọjá, kò sì ní í kọ orúkọ odò, orúkọ igi tí a ti kọ́kọ́ gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tí ó mọ ògiri àkọ́kọ́.

Ewu mìíràn sì ń bọ̀ láti ìhà gúúsù. Èkó ti kún, ó ń ṣàn jáde. Agbádó, Àkútè àti àwọn ibòmíràn ní ìhà ìsàlẹ̀ Ifọ̀, tí í ṣe oko rí, ti di ìgboro tí ó so mọ́ Èkó. Ibi tí ó bá di ìgboro, orúkọ oko a kọ́kọ́ sọnù. Orúkọ ẹni tí ó ra ilẹ̀ ni a ń kọ sí ojú ọ̀nà. Àwọn baba wa wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ìjọ kò bá mọ ààlà ara rẹ̀, tí kò sì mọ ibi tí àwọn òkú rẹ̀ sùn sí, ta ni yóò mọ̀ ọ́n fún un ní ọjọ́ tí alágbàtà ilẹ̀ bá dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n?

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a bẹ gbogbo ìjọ oko, ní Ibogun àti níbi gbogbo, pé kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n da ìwé ìrìbọmi, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú kọ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ìjọ, kí èkejì wà ní ibòmíràn. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lè ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Kí wọ́n pe awọnlẹ̀ kí ó ya àwòrán ilẹ̀ ìjọ àti ti itẹ́ òkú, nígbà tí àwọn tí ó mọ ààlà ṣì lè rìn dé ibẹ̀. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò jókòó ti àwọn àgbà, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, láti kọ orúkọ àwọn ibi àti ìtàn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní àdúgbò, kí wọ́n má ṣe fi wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn bí àlejò. Ẹni tí ń kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀ àti bí a ti ń ya àwòrán ilé, ìránlọ́wọ́ ni Ọlọ́run rán an wá ṣe.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí: pé ìwé ìyè wà ní ọ̀run, kí ni a ń fi ìwé ayé ṣe? A ó dá a lóhùn láti inú Ìwé Mímọ́ kan náà. Nígbà tí àwọn ìgbèkùn padà láti Bábílónì, Ẹ́sírà sọ fún wa pé àwọn ọmọ àlùfáà kan wá orúkọ wọn nínú ìwé ìdílé, wọn kò sì rí i; a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ orúkọ wọn ni kò kọ ọ́, tàbí tí kò pa á mọ́. Bákan náà ni Jóṣúà kò gbà kí a fi ìsọdá Jọ́dánì sílẹ̀ fún ètè àwọn àgbà nìkan. Ó mú kí wọ́n ru òkúta méjìlá láti inú odò, kí ọmọ tí kò rí i lè béèrè, kí baba sì ní ohun tí yóò na ọwọ́ sí.

Ibogun kò ṣe aláìní òkúta. Ojú irin wà níbẹ̀ fún un, Wásinmi wà, ìkarahun inú òkúta Ewékorò wà, ilé-ìwé wà. Ohun tí ó kù ni baba tí yóò na ọwọ́, àti ọwọ́ tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa báyìí, oko yìí ni ilé.

Kí Ọlọ́run bùkún fún ìjọ rẹ̀ ní ìlú àti ní oko, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti pa ohun tí ó fi sí wa lọ́wọ́ mọ́. Àmín.